Díígírì Méjì

Láti oṣù kọkànlá ni iná ọsàn ti ń tàn
nínú mọ́tò Aune, tí a jọ jókòó ní kíláàsì kẹta.
"Fọ rédà iwájú," ni mọ́tò ń wí
ní ohùn tín-ín-rín, bí ọmọ
tó ń fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn lábẹ́lẹ̀.

Ó fọ̀ ọ́. Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́,
ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé nù ún,
ó wá gbé e wá bá mi ní Sodankylä
lọ́jọ́ tí èémí ń di irun funfun létè ẹni.
"Oiva," ó ní, "mọ́tò yìí ń purọ́."

N kò tíì rí mọ́tò tó ń purọ́.
Mo ti rí èyí tí aláǹtakùn ta òwú sí lójú kámẹ́rà
tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ògiri wà láàárín títì.
Àṣìṣe nìyẹn. Irọ́, ọmọ ènìyàn ló ni ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn. Yìnyín: kò sí.
Iyọ̀ títì: díẹ̀, mo nù ún kúrò.
Mo wo bátìrì, nítorí bátìrì tí kò yó
a máa sọ ìsọkúsọ bí ẹni tí ibà ń ṣe.
Mo ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ abẹ́ sitiarìn,
ó ní rédà kò wo ọ̀ọ́kán. Díígírì méjì ló fi yà.

Díígírì méjì! Lára bọ́ńpà, kò tó èékánná.
Ṣùgbọ́n jẹ́ kó rin ọgọ́rùn-ún mítà,
yóò ti bọ́ sínú igbó,
yóò máa pe igi páìnì ní mọ́tò,
yóò pe mọ́tò ní afẹ́fẹ́.

"Ṣé o kọ lu nǹkan?"
"Rárá o." Ìdáhùn náà ti ń dúró de ìbéèrè.
Ó lọ dúró nídìí ẹ̀rọ kọfí,
ó ń ka ara páálí epo bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Mo tú bọ́ńpà. Síkúrúù mọ́kànlá; ìkejìlá ti sá lọ.
Irin pẹlẹbẹ tó gbé rédà dúró ti tẹ̀,
lẹ́yìn irin náà, irun:
ó rí bí eérú, ó funfun nídìí,
ó ní ihò nínú bí koríko gbígbẹ.

Ta ni kò mọ irun àgbọ̀nrín níbí?
Orí awọ rẹ̀ la sùn ní kékeré.
Kì í ṣe ẹran ìgbẹ́; ó lólówó, àmì wà létí rẹ̀,
bí o bá sì gbá a, pípè ni wàá pe ọlọ́pàá.
Mo rántí Niiles ní ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀,
tó ń sọ ti abo kan lẹ́bàá ọ̀nà Vuotso:
"Ó ṣì ń mí nígbà tí mo bá a. Láàárọ̀."

N kò wí nǹkan kan.
Mo kó irun náà sórí táwẹ́ẹ̀lì pupa,
mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife rẹ̀, mo padà sídìí iṣẹ́.
Mo na irin. Mo gbé pátákó ìwọ̀n síwájú mọ́tò,
mo yí síkúrúù díẹ̀, mo tún yí i díẹ̀,
títí iná ọsàn fi kú.

Nígbà tí mo gbójú sókè, táwẹ́ẹ̀lì ti ṣófo,
ọwọ́ Aune sì ti di ìkúùkù.
"Ilẹ̀ ti ṣú," ó ní. "Mo rò pé ó dìde."
Mo ní ọgọ́rin yúrò ni. Mo ní kó wa mọ́tò náà
ní ọ̀nà tó tọ́, kìlómítà bíi ogún,
kí rédà lè tún iwájú mọ̀.

Ó pẹ́ nínú mọ́tò kó tó tan iná.
Fóònù ló tàn sí i lójú.
Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, n kò gbọ́ nǹkan,
àmọ́ orúkọ Niiles kò ṣòro láti kà létè ènìyàn.

Ọwọ́ gúúsù nilé rẹ̀ wà.
Àríwá ló kọrí sí.